Iye Tí A Ra Ọkọ̀ Kọ́ Ni Iye Tí Eré Ìje Ń Náni

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó wá bá mi ní ọdún àkọ́kọ́ eré ìje ọkọ̀ ojú omi wa máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Eélòó ni ọkọ̀ náà?" Èmi náà á sì dáhùn kíá. Màá dárúkọ iye tí ara ọkọ̀ jẹ́, màá fi ti ẹ́ńjìnnì kún un, inú ẹni náà á sì dùn. Ìdáhùn yẹn ni mo fi mú èèyàn méje wọ eré ìje ọkọ̀ ojú omi. Márùn-ún nínú wọn ló jẹ gbèsè kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. N kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún wọn, ṣùgbọ́n àìmọ̀ mi kò san gbèsè ẹnikẹ́ni. Nítorí ẹni tó bá tún fẹ́ dá kíláàsì tuntun sílẹ̀, ìyẹn ìsọ̀rí ọkọ̀ tó ń bá ara wọn díje lábẹ́ òfin kan náà, ni mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ńláńlá díje. Àwa là ń gbé epo, àwa là ń tú pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ́ tó ń yí nínú omi tó ń ti ọkọ̀ síwájú, àwa là ń fi omi tó mọ́ fọ iyọ̀ òkun kúrò nínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí àwọn awakọ̀ bá ti lọ sùn. A mọ̀ pé agbára wa kò lè ká irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ wo Formula 1 ti orí omi, tí ìdíje àgbáyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1981: ọkọ̀ ibẹ̀ ń sá kọjá 200 kìlómítà ní wákàtí kan, owó tó sì ń gbé e sáré kì í ṣe ti olówó oṣù. Ohun tí àwa fẹ́ ni kíláàsì tí olówó oṣù lè wọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí kò gùn ju mítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 60, èèyàn méjì nínú ọkọ̀, irú kan náà fún gbogbo wa, kó lè jẹ́ pé ẹni tó mọ omi í kà ni yóò máa gba ipò kìíní.

Èrò náà dára, mo ṣì gbà á gbọ́ títí dòní. Àṣìṣe wa ni pé ọkọ̀ la kọ́kọ́ wá lọ, a wá fi òfin sẹ́yìn.

A gbọ́ pé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn fẹ́ ta mọ́ọ̀dù rẹ̀. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tẹ́ fáíbà sí, tí wọ́n á fi oje rẹ̀ rin ín ní ipele ipele. Tó bá gbẹ tí wọ́n fà á yọ, ara ọkọ̀ kan dé nìyẹn. Mọ́ọ̀dù náà pọ́ọ́kú, bí a ṣe sanwó rẹ̀ nìyẹn láìyẹ̀ ẹ́ wò. A yọ ọkọ̀ méjì nínú rẹ̀. Nígbà tí a gbé àkọ́kọ́ sómi, imú rẹ̀ kọ̀, kò gbéra. Bí a bá ṣe ń tẹ epo sí i tó ni imú náà ń wọlẹ̀ tó. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń pààrọ̀ pùròpẹ́là, tí à ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, tí à ń sọ ọ́ kalẹ̀, tí à ń gbé táǹkì epo síwá sẹ́yìn, tí a sì ń bá ara wa jà lórí ẹni tó jẹ̀bi.

Bàbá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló gbà wá. Wọ́n ní kí a da ọkọ̀ náà délẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá irin títọ́ kan lé ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n sì tan iná sí abẹ́ ọ̀pá náà. Ìmọ́lẹ̀ yọ. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá wò ó," ni wọ́n wí. "Ìdí ọkọ̀ yín ti ṣe kọdọrọ bí ìkọ́. Bí ẹ bá ti ń sáré, omi á máa ti ìdí sókè, imú ò sì níbi méjì tó máa lọ ju ìsàlẹ̀." Àlàfo ibẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Inú mọ́ọ̀dù ló ti wá, oòrùn ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti inú rẹ̀ jáde ló máa bá àbùkù náà wáyé. A gé ọkọ̀ méjèèjì wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a kó wọn dànù, owó wọn sì wọgbó. Láti ọjọ́ náà, n kì í lọ wo ọkọ̀ tàbí mọ́ọ̀dù láìmú ọ̀pá irin títọ́ tó gùn tó mítà méjì dání. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àlòkù, mo tún máa ń fi òòlù kékeré lu pákó ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ń so mọ́. Bó bá dún ko, ó le; bó bá dún bọ̀ǹbọ̀, omi ti wọ inú pákó ó sì ti ń jẹrà. Mo tún máa ń gbé e sórí ìwọ̀n, nítorí ọkọ̀ tó ti mu omi sínú ara rẹ̀ lè wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Lẹ́yìn tí a tún mọ́ọ̀dù náà ṣe, ọkọ̀ mẹ́jọ dúró. Àwọn méje tí mo fà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta sì jọ ni ìkẹjọ. Òwúrọ̀ ìje àkọ́kọ́, nígbà tí mo rí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lórí ìlà, omi bọ́ lójú mi. N kò tíì mọ̀ pé ìje àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni a ó ti rí wọn pé.

Ojú ìwé kan ni gbogbo òfin wa. A kọ ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe síbẹ̀: má fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì, má gé ara ọkọ̀, má lo epo mìíràn. A kò dárúkọ pùròpẹ́là. Ọ̀kan nínú àwọn méje náà lówó lọ́wọ́ ju àwa tó kù lọ, ó sì fẹ́ràn eré náà dénúdénú. Ó ra pùròpẹ́là mọ́kànlá. Ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí àwa wà lẹ́nu iṣẹ́, ó wá gbé èyí tó dára jù fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ro etí abẹ́ rẹ̀. Kò rú òfin kankan. Inú bí mi sí i nígbà náà, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí i níwájú àwọn èèyàn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo kọ òfin tó ní ihò ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó gba inú ihò náà kọjá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò sún mọ́ ọn: pùròpẹ́là kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe yẹ kó tì síwájú tó bó bá yí ẹ̀ẹ̀kan. Íǹṣì ni wọ́n fi ń kà á. Íǹṣì kan péré lè yí eré ẹ́ńjìnnì padà tó ìyípo 150 sí 200 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké ju bó ti yẹ lọ, á sì bàjẹ́ láìpẹ́. Bó bá pọ̀ jù, kò ní lè gbé ọkọ̀ dìde nígbà tí wọ́n bá já kúrò lójú kan. Nítorí náà, ẹni tó ní ọ̀kan kò lè bá ẹni tó ní mọ́kànlá díje lọ́jọ́ tí omi bá yí padà. Nígbà tó fi máa di ìje kẹrin, kò sí ọkọ̀ kan tí kò ní tó mẹ́rin. Igi kan ṣoṣo tó léfòó sì lè ká abẹ́ èyí tó wọ́n jù kò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí ìwúwo. Ẹnìkan hú fóòmù tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ léfòó kúrò lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, kó lè fúyẹ́. Nígbà tí mo rí i, àyà mi já. Ẹni tí kò ní owó pùròpẹ́là ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ òfin mọ̀ lórí. Lórí ọkọ̀ tó ń sáré lórí omi báyìí, bí ìwúwo àti ara ọkọ̀ kò bá yí padà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìdá 10 nínú 100 yá sí i nílò agbára tó fi nǹkan bí ìdá 21 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eré díẹ̀, owó púpọ̀. Bí òfin bá ti ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì pa, owó náà kò ní padà sílé. Yóò wá ilẹ̀kùn mìíràn kàn ni. Ohun tó yẹ ká kọ kì í ṣe ohun tí a kà léèwọ̀. Ohun tí a gbà láàyè ló yẹ ká kọ lẹ́sẹẹsẹ, ká wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ pé ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣe é. Ìyàtọ̀ òfin méjèèjì dà bí ìyàtọ̀ ilé tó ní ògiri àti èyí tó ní òpó mẹ́rin lásán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Mo ń kọ gbogbo ìnáwó ọkọ̀ tiwa sínú ìwé kan, ṣùgbọ́n n kì í ro ó pọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí. Ìgbà tí mo ro ó ní òpin ọdún kejì ni mo rí i pé nínú gbogbo ìdá mẹ́wàá tí a ti ná, ìdá mẹ́rin péré ni ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì kó. Ìdá mẹ́fà tó kù ni n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò fi ń fa ọkọ̀ wà níbẹ̀, àti táyà rẹ̀, àti bẹ́árìn inú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí omi iyọ̀ ń jẹ. Epo ọkọ̀ wà níbẹ̀, epo mọ́tò tó ń fà á sì ju epo ọkọ̀ lọ. N kò rò ó rí pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ibùsùn wà níbẹ̀. Akoto àti ẹ̀wù amúniléfòó wà níbẹ̀, nítorí èyí tó bá ti gba ìfọ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan, rírọ́pò ni. Ìwé àṣẹ awakọ̀, àyẹ̀wò dókítà, owó ìforúkọsílẹ̀. Àti fáíbà títúnṣe lẹ́yìn ìje kọ̀ọ̀kan, torí kò sí bí ọkọ̀ mẹ́jọ ṣe máa yí àmì kan po lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má fara kan ara wọn.

Èyí tó wá pa wá gan-an ni owó tí kò mọ iye ọkọ̀. Ọkọ̀ ìdóòlà mẹ́ta, dókítà, òmùwẹ̀ méjì, àwọn àmì orí omi, àṣẹ ìlò omi. Bí ọkọ̀ ogún bá díje, iye kan náà ni. Bí mẹ́ta bá díje, iye kan náà ni. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ kúrò, ìpín tirẹ̀ bọ́ sórí àwa tó kù. Ìyẹn ló lé ẹni kejì lọ. Ti ẹni kejì ló lé ẹni kẹta. Ìje ìparí ọdún náà, ọkọ̀ mẹ́ta ló wà lórí ìlà.

Ní Òlíńpíìkì 1908, eré ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì wà lára eré tí wọ́n ṣe, lórí omi Southampton. Ìje mẹ́ta ni wọ́n sá, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló parí rẹ̀. Eré náà kò padà sí Òlíńpíìkì mọ́. Nígbà tí mo kà á, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wa.

Ibí yìí ló nira fún mi jù láti kọ. Nígbà tí a ku mẹ́ta, èmi ni mo dá a lábàá pé kí a dín ọkọ̀ ìdóòlà kù sí méjì. Mo ní ọkọ̀ mẹ́ta kò lè nílò olùdóòlà mẹ́ta. Ẹnu mi dùn, wọ́n sì gbà fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ ìtàn Didier Pironi, ẹni tó ti wa mọ́tò Formula 1 fún Ferrari, tó kú sórí omi nítòsí Isle of Wight ní 1987 nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gun ìgbì tí ọkọ̀ epo ńlá kan fi sẹ́yìn. Àwọn méjì tó wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀ kú. Mo mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ náà kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mò ń ṣírò owó.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń wa ọkọ̀ wa lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yí padà ní ìyípo kẹta, ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Níbi àmì tó jìnnà jù, ọkọ̀ náà fò lórí ìgbì kan, ó fi imú sọlẹ̀ sínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì dojú dé. Okùn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi já kúrò níbi tó yẹ kó ti já, ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀, pùròpẹ́là kò sì gé ẹnikẹ́ni. Akoto kan léfòó. N kò rí ìkejì. Ọkọ̀ ìdóòlà méjèèjì wà lápá ọ̀hún omi. Ibi tí ìkẹta ì bá wà gan-an ni wọ́n dojú dé sí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo dúró lórí ọkọ̀ àwọn adájọ́ tí mò ń wo ibi kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń mí afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ yẹn bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti hú fóòmù rẹ̀ ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá máa kọ lónìí. Egungun èjìká ọ̀rẹ́ mi ṣẹ́. Àwọn méjèèjì yè.

Màmá ọmọ náà bi mí léèrè nílé ìwòsàn pé, "Ọkọ̀ ìdóòlà mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?" Mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn gbójú kúrò lára mi.

A tún ṣe àṣìṣe lórí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n fà á dé èbúté, ara wa kò balẹ̀, ẹnìkan sì yí kọ́kọ́rọ́ láti wò ó bóyá á jí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Omi tó wà nínú rẹ̀ kì í fún bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún. Irin inú ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀. Ká ní a kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì, tí a da omi jáde, tí a fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, tí a fọ́n epo sí i láàárín wákàtí mélòó kan, à bá ṣì gbà á là. Nígbà tí a lọ bá àwọn adójútòfò, wọ́n fi ìlà kan hàn mí nínú ìwé tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí: ìwé náà kò bo ọkọ̀ tó bá wà lórí ìje. Kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́rọ̀ kan pàtó, kí ẹ gba ìdáhùn rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, bóyá ọjọ́ ìje wà nínú rẹ̀, àti bóyá ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe wà nínú rẹ̀.

Odindi ọdún kan la fi dúró. Nínú ọdún yẹn ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo ka ìwé òfin àjọ UIM, tó ń rí sí eré ìje ọkọ̀ ojú omi oníẹ́ńjìnnì lágbàáyé láti 1922. Èmi tí mo ti rò pé ti àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ni, mo rí i pé ìlà lórí ìlà, jàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn ló bí i. Mo sì lọ bá àwọn márùn-ún tó kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, nílé wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa sọ. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe owó lásán. Mo mọ̀ kí n tó kúrò nílé pé n kò lè borí. Bí mo bá tiẹ̀ wakọ̀ dáadáa, pùròpẹ́là mi ti fìdí rẹmi kí ilẹ̀ tó mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sí orí tábìlì nígbà tí a tún jókòó kọ òfin.

Pùròpẹ́là kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Kíláàsì ló ra wọn, irú kan náà, a kọ nọ́ńbà sí wọn lára, a sì ń ṣẹ́ kèké lé wọn ní òwúrọ̀ ìje. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dá a padà. Ihò kan ṣoṣo lára pákó ìdí ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ so mọ́. A fi wáyà àti òjé dí ojú rẹ̀, ẹni tó bá já èdìdì náà kò ní sá ìje tó kàn. Bí ọkọ̀ bá ti ń kúrò lómi ni à ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ jù á gbé òjé tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. A fi fóòmù sínú òfin, ọkọ̀ tí kò bá ní in kò lè fẹsẹ̀ kan omi. A ti òfin pa fún ọdún mẹ́ta gbáko, kí ohun tí èèyàn rà lónìí má baà di àlòpatì lọ́dún tó ń bọ̀. Ìje mẹ́jọ di márùn-ún, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ìje kéékèèké mẹ́ta là ń sá, torí owó tí a fi fa ọkọ̀ débẹ̀ kò yí padà yálà ìṣẹ́jú mẹ́wàá la lò lórí omi tàbí wákàtí kan. Bí iye ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ kò bá tó láti san owó ọkọ̀ ìdóòlà mẹ́ta, kò sí ìje lọ́jọ́ náà. Òfin yẹn kò ṣeé dìbò lé lórí.

Nígbà tí E1, ìdíje ọkọ̀ ojú omi tó ń lo iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tí mo rí i pé ọkọ̀ kan náà, RaceBird, ni gbogbo ẹgbẹ́ ń wà, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó lówó ju wa lọ náà rí i pé irú kan náà ló ń mú eré dùn.

Nípa àwọn onígbọ̀wọ́, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Ọ̀kan ṣèlérí fún wa, a ti ná owó náà lórí ìwé, kò sì wá. Owó tí kò tíì dé ọwọ́ kì í wọ inú ìṣirò wa mọ́.

Méjì nínú àwọn márùn-ún yẹn ti padà. Ọ̀rẹ́ mi kò wakọ̀ mọ́. Òun ló ń darí àwọn ọkọ̀ ìdóòlà báyìí, ó sì le ju gbogbo wa lọ lórí iṣẹ́ yẹn. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án la ní lọ́dún yìí.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá wo bí a ṣe ń díje. Nígbà tí a parí, ó tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eélòó ni ọkọ̀ náà?" N kò dárúkọ iye ọkọ̀. Mo ṣí ìwé ìnáwó fún un ní ojú ewé tí odindi ọdún kan wà, láti orí táyà kẹ̀kẹ́ dé orí owó dókítà, pẹ̀lú owó tó yẹ kó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fọ́. Ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, ó ń ya fọ́tò rẹ̀, ó ń ṣe ìṣirò sórí fóònù. Nígbà tó yá, ó pa ìwé náà dé, ó ní agbára òun kò tíì ká a, pé kí n retí òun lẹ́yìn ọdún kan. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, mo sì kọ ọdún tó dá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.